Ọjọ́ Tí A Tú Bándéèjì Ojú Ìyá Ìbejì

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi bẹ Dókítà. Kí wọ́n sọ fún màmá mi pé iṣẹ́ abẹ yẹn ò ṣeé ṣe mọ́."

Mo rò pé etí mi ló ń ṣe mí. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ojú, oríṣiríṣi ẹ̀bẹ̀ ni mo ti gbọ́. Àwọn kan á bẹ̀ wá pé ká jẹ́ kí pásítọ̀ àwọn bá àwọn wọ tíátà, yàrá tí a ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Bàbá kan tilẹ̀ bẹ̀ mí rí pé ká yọ ojú ewúrẹ́ òun, ká fi rọ́pò tòun, torí ewúrẹ́ òun ń ríran lóru. Ṣùgbọ́n kí ọmọ ká mi mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, kó ní kí ojú ìyá òun má là? Olúwa ò! Mo gbé àwo irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi kalẹ̀, mo wò ó látòkè délẹ̀.

"Kẹ́hìndé," mo ní, "ṣé orí ẹ pé báyìí?"

"Ó pé, mà."

"Kò pé! A bẹ ìyá ẹ títí ẹnu wa fẹ́ẹ̀ bó. Òní ni Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ tọ́ wọn lọ́kàn, wọ́n gbà. Ìwọ wá ní ká ṣe kí ni?"

Ilẹ̀ ló ń wò, òógùn sì ń ṣàn lójú ẹ̀ bíi pé ó sáré láti Alaba dé ọ̀dọ̀ wa. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ pe máígáàdì kó wá mú un jáde.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi ná. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, ohùn mi sì ga. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń ní bí mo bá ń bá aláìsàn wí ní Ìbà, wọ́n ń gbọ́ mi ní Òkokomáíkò. Ọsibítù ojú tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kò tóbi, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, kò jìnnà sí Ìbà Ẹ́síteètì. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, wọ́n á ti tò dé ẹnu géètì kí n tó dé: àwọn oníṣòwò, àwọn aṣọ́bodè tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn àgbàlagbà tí ọlọ́kadà gbé wá láti Ọ̀jọ́ tí wọ́n ṣì ń gbọ̀n. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n kọ́kọ́ wo bí oníkálukú ṣe ń ríran sí, kí n ṣàlàyé ohun tí Dókítà fẹ́ ṣe fún wọn ní èdè tó yé wọn, kí n dúró ti Dókítà ní tíátà, kí n sì wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń tú bándéèjì lọ́jọ́ kejì. Dókítà wa kò ju ọmọ àbúrò mi lọ lọ́jọ́ orí, àmọ́ "ẹ" ni mo máa ń pè é níwájú àwọn aláìsàn. Bí a bá ku àwa méjì, ó mọ̀ pé ìyá òun ni mí.

Mètírọ́nù tó kọ́ mi níṣẹ́, obìnrin Ìjẹ̀bú kúkúrú kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ló fi àṣà kan lé mi lọ́wọ́. Bí ẹ bá lọ síbòmíràn, tí wọ́n bá tú bándéèjì tán, ìka ni wọ́n máa ń nà síni: "Mélòó nìyí?" Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Mètírọ́nù ní, "Kò sẹ́ni tó wá la ojú torí àtirí ìka. Ẹni tó fẹ́ rí ni kó o gbé síwájú ẹ̀." Nítorí náà, lẹ́yìn ìka, àwa máa ń to ẹbí sílẹ̀, a ó máa mú wọn wá lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì máa béèrè pé, "Ta nìyí?" Ó ń dùn mọ́ àwọn èèyàn púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjà ń tẹ̀yìn ẹ̀ yọ nígbà míì. Bàbá kan láti Néfì Táùn wo ìyàwó ẹ̀ títí, ó ní, "Sísítà, èyí kọ́ ni ìyàwó mi. Ìyá ìyàwó mi nìyí, mo sì rò pé wọ́n ti kú." Ìyàwó ò bá èmi àti Dókítà sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi wá gba oògùn tán.

Ìyá Kẹ́hìndé yìí, Ìyá Ìbejì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n, mùsùlùmí, ọkọ wọn ti kú tipẹ́. Kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń tà ní Ìyànà-Ìbà kí ojú tó lé wọn kúrò lọ́jà. Nígbà tí wọn ò ríran mọ́, wọ́n ń jókòó sílé, wọ́n ń fi ọwọ́ lásán ya kànrìnkàn, wọ́n ń dì í, aládùúgbò wọn kan, Ìyá Súlìá, á sì bá wọn gbé e lọ sọ́jà.

Ìṣòro ojú wọn kì í ṣe ẹyọ kan. Èéyi mú wọn ní kékeré, ó sì fi àpá funfun sílẹ̀ níwájú ẹyinjú méjèèjì. Ojú bàìbàì yẹn ni wọ́n fi dàgbà, òun ni wọ́n fi lọ́kọ, òun ni wọ́n fi tọ́ ìbejì. Ìgbà tí ọjọ́ orí wá dé, kátárátì tún yọ sẹ́yìn àpá. Ẹ fi ojú wé fèrèsé. Gíláàsì iwájú ti di bàìbàì, ìyẹn ni àpá. Wọ́n wá tún ta kọ́tìnnì tó nípọn sẹ́yìn gíláàsì náà, ìyẹn ni kátárátì. Ẹni tó ní kọ́tìnnì nìkan, iṣẹ́ ẹ̀ ò le. Dókítà á yọ ọ́, yóò fi lẹ́ǹsì síbẹ̀, ó parí. Ẹni tó ní méjèèjì, inú gíláàsì bàìbàì yẹn ni Dókítà gbọ́dọ̀ gbà wo kọ́tìnnì tó fẹ́ yọ. Àwọn ibòmíràn wà tí wọ́n á yọ gíláàsì iwájú lára ẹni tó ti kú, wọ́n á fi pààrọ̀ ti alààyè. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ta ni yóò gbà kí wọ́n yọ nǹkan lójú òkú bàbá òun? Èèyàn lè dúró títí.

Dókítà wa wo ojú ọ̀tún Mama, ó wò ó fínnífínní, ó ní apá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tí àpá ò dé. Òun lè yọ kátárátì náà, kí òun sì la ọ̀nà fún ìmọ́lẹ̀ láti gba ibi tó mọ́ yẹn wọlé. Mama ò ní lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ o, àmọ́ wọ́n á máa rìn fúnra wọn, wọ́n á sì máa dá èèyàn mọ̀.

Mama ní àwọn ò ṣe. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá wá gba oògùn, mo máa ń gbé ọ̀rọ̀ náà dìde, wọ́n á sì ní àwọn ò ṣe. "Sísítà, ẹ̀rù ọ̀bẹ ń bà mí." Lọ́jọ́ míì, "Ọjọ́ ti lọ, kí ni mo tún fẹ́ wò láyé?" Mo bínú, mo ní, "Ẹ fẹ́ wo àwọn ọmọ yín! Àbí ẹ ò fẹ́ wo Táyé àti Kẹ́hìndé?" Mo rò pé mo ti borí, ṣùgbọ́n ńṣe ni wọ́n dìde, wọ́n ní kí n pe ẹni tó mú wọn wá.

Àwọn ìbejì yẹn ló máa ń mú wọn wá. Bó bá jẹ́ Jímọ̀, Táyé ni. Àwọn ọjọ́ tó kù, Kẹ́hìndé ni. Ojú wọn jọra bí epo ṣe jọ epo, ṣùgbọ́n ìwà wọn ò jọra rárá. Kẹ́hìndé ń ta ẹ̀yà ara jẹnẹrétọ̀ ní Alaba. Onítìjú, kì í sọ̀rọ̀, á kí mi tán, á lọ jókòó sí kọ̀rọ̀. Táyé ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná. Òun ni alápàárá. Fìlà ẹ̀ á gẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òórùn lọ́fínńdà á ti ṣáájú ẹ̀ wọlé, láti ẹnu géètì ni yóò ti máa pè mí, "Ìyàwó mi! Ṣé ẹ ti jẹun lónìí, àbí ìbínú lẹ tún jẹ?" Èmi tí mo lè bí i lọ́mọ! Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Kí n sọ òótọ́, Táyé ni mo fẹ́ràn jù nínú àwọn méjèèjì.

Bó ti wà nìyẹn, títí di Mọ́ńdè tí mò ń sọ yìí. Mama wá láàárọ̀ kùtùkùtù, Ìyá Súlìá ló di ọwọ́ wọn mú, kò sí ìbejì kankan lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní, "Sísítà, mo ti ṣe tán. Ẹ la ojú mi."

Ẹnu yà mí. Mo ní, "Kí ló yí yín lọ́kàn padà?"

"Ó tó àkókò ni."

Wọ́n tẹ̀ka síwèé, a fún wọn lọ́jọ́, wọ́n lọ. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni Kẹ́hìndé sáré dé, tó ká mi mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Nígbà tí mo pariwo mọ́ ọn tán, ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn ilé." Ohun kan wà nínú ohùn ẹ̀ tó mú kí n tẹ̀ lé e. A dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé jẹnẹrétọ̀. Ó ní, "Mà, ṣé ẹ mọ Táyé?"

"Ṣé Táyé ni mi ò ní mọ̀? Aláwàdà yẹn! Òun gan-an ni màá pè kó wá gbọ́ ohun tó ń tẹnu ẹ jáde."

Ó fi ọwọ́ gbé fìlà ẹ̀, ó gẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó na ẹ̀yìn. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi! Ṣé ẹ ti jẹun lónìí, àbí ìbínú lẹ tún jẹ?"

Jésù! Ohùn Táyé ni. Ẹ̀rín Táyé ni. Orí búlọ́ọ̀kù tó wà níbẹ̀ ni mo jókòó lé. Kí n tó mí, ẹ̀rín ti kúrò lójú ẹ̀, Kẹ́hìndé ló tún dúró níwájú mi, tí omi ń dà lójú ẹ̀.

"Èmi náà ni, mà," ó ní. "Láti ọjọ́ tí ẹ ti mọ̀ wá, èmi nìkan ni. Táyé ti kú."

Mo ní, "Kí lo wí?"

Ó tún un wí. Táyé kú ṣáájú ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Mama wọ ọsibítù wa. Ọkọ̀ ńlá ló gbá ọ̀kadà tó gbé e lójú títì Badagry, Mama sì wà ní Ìsẹ́yìn lọ́dọ̀ àbúrò wọn lásìkò yẹn. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà, bí mùsùlùmí ṣe ń ṣe. Kí Mama tó padà dé, àwọn àgbà ẹbí ti fẹnu kò. Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ní ẹ̀jẹ̀ ríru ń da Mama láàmú, ojú wọn sì ti lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá túfọ̀ ọmọ fún wọn, òun ló pa wọ́n. Wọ́n ní kí wọ́n sọ pé Táyé rìnrìn àjò, títí wọ́n á fi rí ọgbọ́n dá sí i.

"Táyé ló máa ń lọ kí wọn lọ́jọ́ Jímọ̀ tó bá ti kírun tán," Kẹ́hìndé ní. "Á ra ọsàn dání. Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n ti Ìsẹ́yìn dé, èmi ni mo lọ. Mo ra ọsàn torí pé mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní, 'Táyé, ṣé ìwọ nìyẹn?' Mà, mo fẹ́ sọ pé rárá. Ẹnu mi ò gbà á. Mo ní, 'Èmi ni, Màámi.' Inú wọn dùn. Mi ò mọ bí mo ṣe lè dá a dúró mọ́."

Ó ti tó bí ọdún mẹ́ta tó ti ń ṣe é. Lọ́jọ́ Jímọ̀, á wọ aṣọ Táyé, á fín lọ́fínńdà Táyé, á máa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, á wá bíi Kẹ́hìndé, á jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà míì Mama á ní kó bá àwọn jíṣẹ́ fún ìkejì ẹ̀. "Ìgbà míì mo máa ń fẹjọ́ ara mi sun Màámi, kó má baà dà bíi pé àwa méjèèjì kì í jà," ó ní. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rí i rín.

Mo ṣì jókòó sórí búlọ́ọ̀kù yẹn. Ohun tó ń ká mi lára ni pé Táyé tí mo fẹ́ràn, tí mo máa ń retí lọ́jọ́ Jímọ̀, mi ò bá a pàdé rí láyé.

Nígbà tó yá, mo ní, "Lọ sọ fún wọn kí wọ́n tó wọ tíátà."

"Bí wọ́n bá kú sí mi lọ́wọ́ ńkọ́?"

"Bí wọ́n bá wá la ojú tí wọ́n rí i pé ọmọ kan ṣoṣo ló kù ńkọ́?"

"Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n má là á, mà." Ó dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn níwájú mi, tàgbàtàgbà. Mi ò tíì rí irú ẹ̀ rí. Ọmọ tó fẹ́ràn ìyá ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ìyá náà kú sínú òkùnkùn.

Mo lọ bá Dókítà, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ó bọ́ awò ojú ẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní, "Ojú ta ni, Sísítà?"

"Ojú Mama."

"Ta ló tẹ̀ka síwèé?"

"Mama ni."

"Èmi ò lè parọ́ fún ẹni tó ní kí n la ojú òun. Ti pé kí wọ́n sọ ikú Táyé fún Mama, ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ẹ jẹ́ ká ṣáà rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wálẹ̀ dáadáa."

Ẹ̀jẹ̀ ríru Mama wálẹ̀. Kẹ́hìndé ò sọ fún wọn. Ìgbàkígbà tó bá mú wọn wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, mò ń wò ó bó ṣe ń ya ẹnu, tó ń pa á dé.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ojú mọ ìrora ni a fún Mama. Wọn ò sùn, wọ́n ń gbọ́ wa. Iṣẹ́ yẹn nira. Dókítà ta aró búlúù díẹ̀ sínú ojú kí awọ kátárátì lè hàn lẹ́yìn àpá. Láìsí aró yẹn, bí ẹni ń wá òwú funfun nínú ẹ̀kọ ni. Ó ní kí n gbé iná kékeré wá látẹ̀gbẹ́, kì í ṣe látòkè, torí bí iná bá ti òkè kan àpá, ńṣe ló ń tàn padà síni lójú. Mo di iná náà mú, mi ò jẹ́ mí sókè.

Àárín iṣẹ́ yẹn ni Mama sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ tí a fi bò wọ́n. "Sísítà, bó bá là, ṣé màá lè mọ èèyàn yàtọ̀ sí èèyàn?"

Mo ní, "Ẹ máa mọ̀ ọ́n, Mama."

"Kódà bí wọ́n bá jọra?"

Dókítà gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ tó fi ń wo inú ojú, ó wò mí. Mo ní, "Ẹ má sọ̀rọ̀, Mama, ojú ń mì." Wọ́n ní ó dáa. Kátárátì náà jáde lódindi, ó le, ó pọ́n bí ẹ̀pà tó ti gbó, lẹ́ǹsì sì wọlé síbi tó yẹ kó wọ̀. Ó yẹ kí inú mi dùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Kẹ́hìndé ti ṣáájú mi dé. Báàgì náílọ́ọ̀nù kan wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo fà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo wo inú báàgì: bùbá Táyé, fìlà Táyé, ìgò lọ́fínńdà. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí lo fẹ́ ṣe?" Ó ní ojú Mama ò tíì mọ́ dáadáa, bí òun bá yára ṣe é, wọn ò ní mọ̀. Ó ní òní nìkan. Mo fẹ́ já báàgì náà gbà, ṣùgbọ́n Dókítà ti ń pè mí.

Dókítà tú bándéèjì. Mama ṣẹ́jú, omi dà, wọ́n tún ṣẹ́jú. Dókítà na ìka, wọ́n kà á. Wọ́n wo fáànù tó ń yí lókè, wọ́n wo irùngbọ̀n Dókítà, wọ́n ní, "Ọmọdé ni yín!" Wọ́n wá yíjú sí mi. "Sísítà nìyí? Háà, bó o ṣe kéré tó yìí? Níbo lo ti ń rí ariwo yẹn?" Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín àfi èmi.

Ó kan ẹbí. Kẹ́hìndé bọ́ síwájú. Bí mo ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe, ṣùgbọ́n ohùn mi ò jáde dáadáa. "Mama, ta nìyí?"

Wọ́n wò ó. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́ mú. "Kẹ́hìndé. O ti rù." Wọ́n ń wò ó lọ. "Táyé dà?"

"Ó wà níta, Màámi. Ó ń bọ̀."

Ó jáde. Mo gbọ́ bí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe pa dé. Dókítà ń wo ilẹ̀. Kò pẹ́, òórùn lọ́fínńdà wọlé, ẹ̀rín tẹ̀ lé e, fìlà gẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màámi! Ẹ̀yin náà ti ń ríran! A ò ní lè jí ẹran nínú ìkòkò yín mọ́!" Mo fọwọ́ bo ẹnu. Ó ṣe é dáadáa débi pé èmi tí mo mọ òtítọ́, mo fẹ́ gbà á gbọ́.

Mama wò ó. Wọ́n wò ó pẹ́ títí ẹ̀rín náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ lẹ́nu ẹ̀.

"Táyé," wọ́n ní, "káàbọ̀, ọmọ mi. Pe ẹ̀gbọ́n ẹ wọlé. Mo fẹ́ rí ẹ̀yin méjèèjì pa pọ̀."

"Ó... ó lọ ra omi, Màámi."

"Màá dúró dè é."

Ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú fìlà Táyé lórí, ẹnu ẹ̀ là, kò sí ohùn ẹnì kankan nínú ẹ̀, kì í ṣe ti Táyé, kì í ṣe tiẹ̀. Lójijì, ó wó lulẹ̀ síbi ẹsẹ̀ wọn, ó ké bí ọmọdé. Mo sáré lọ di Mama mú, mo ní ó ti parí, wọ́n máa dákú báyìí. Wọn ò dákú. Wọ́n fọwọ́ lé e lórí.

"Dìde," wọ́n ní. "Mo ti mọ̀."

"Ẹ ti mọ̀?" Èmi ni mo pariwo ẹ̀, kì í ṣe ọmọ.

"Láti Jímọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni. Mo bi í pé ṣé Táyé ni. Ó dákẹ́ kó tó dáhùn. Ta ló máa ń ronú kó tó sọ orúkọ ara ẹ̀? Mo gba ọsàn lọ́wọ́ ẹ̀, mo bá a rẹ́rìn-ín, nígbà tó lọ tán ni mo sunkún." Wọ́n yíjú sí mi. "O ń bá mi jà pé ẹ̀rù ọ̀bẹ ń bà mí, Sísítà. Ọ̀bẹ kọ́. Bí mi ò bá ríran, Táyé á máa wá. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, ó ṣì ń wá."

Kẹ́hìndé gbójú sókè. "Kí ló wá dé tí ẹ fi là á, Màámi?"

"Torí ìwọ ni. Jímọ̀ kan o ń fi ohùn Táyé dápàárá fún mi, o sùn lọ sórí ìjókòó, o ń sunkún lójú oorun. Ìyá Súlìá ní o ti gbẹ. Wọ́n ní o ò gbéyàwó. Báwo lo ṣe máa gbé e? Ìyàwó ta ni ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ jẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀? Ọ̀kan ṣoṣo ló kù fún mi, Kẹ́hìndé, ìyẹn náà sì ń tán lọ lójú mi. Mi ò lè máa fi alààyè bọ́ òkú." Wọ́n yọ fìlà náà kúrò lórí ẹ̀, wọ́n gbé e sórí itan wọn. "Má wá mọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Wá lọ́jọ́ tìẹ."

Ìgbà yẹn ni wọ́n wá bú sẹ́kún. Iṣẹ́ gbà mí lọ́wọ́ ìbànújẹ́, mo ké mọ́ wọn pé, "Mama, ẹ má sunkún o, ojú tuntun ni!" Dókítà rọra fà mí lọ́wọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sunkún, Sísítà." Òun náà ń nu ojú ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, Mama ń wá kí a wo ojú wọn, Kẹ́hìndé ló ń mú wọn wá, tòun ti ìtìjú ẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Mama nìkan ló wọlé wá, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn. Iyẹ̀pẹ̀ wà létí ìró wọn, ìdọ̀tí dúdú sì kún èékánná wọn. Inú bí mi. Mo ní, "Mama! Ojú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là! Irú ọwọ́ yìí lẹ fi ń kan ojú? Ibo lẹ ti ń bọ̀?"

"Ìtẹ́ òkú."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. "Ìtẹ́ kí ni?"

"Ibi tí wọ́n sin Táyé sí. Kẹ́hìndé kọ̀, kò mú mi lọ. Mo ní kó ṣáà júwe ọ̀nà fún mi."

"Ẹ dá lọ? Háà! Mama, òbí kì í rí sàréè ọmọ! Èèwọ̀ ni! Ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí," wọ́n ní, wọ́n sì jókòó. "Kí ni kí n wá fi ojú tí ẹ là yìí ṣe, Sísítà?"

Èmi tí wọ́n ń gbọ́ ohùn mi ní Òkokomáíkò, ńṣe ni mo lọ bu omi, mo mú ọṣẹ, mo kúnlẹ̀ síwájú wọn, mo ń fọ ọwọ́ wọn, mo ń yọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò lábẹ́ èékánná lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi náà dúdú. Wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn nínú ẹ̀.

"Koríko ti bò ó," wọ́n ní. "Mo tu ú tán."